Ènì Orí Mẹ́mọ́rì

Bí Fọláyẹmí bá ra iyọ̀, á tọ́ ọ wò kó tó sanwó. Bí ó bá ra òwú, á fà á bóyá yóò já. Bí ẹni tó ń kiri omi inú ọ̀rá bá ní omi òun tutù, á kọ́kọ́ fi ọ̀rá náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ná. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ burú o. Ọlọ́yàyà èèyàn ni, ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀, orin kì í gbẹ lọ́fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan ṣáà ti fẹ́ tà á ní nǹkan, ojú rẹ̀ á yí padà bí ojú ológbò tó gbúròó eku. Òwú àti bọ́tìnnì ló ń tà ní Ọjà'ba, àwọn télọ̀ ni oníbàárà rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń bá télọ̀ nájà láti ìgbà ọ̀dọ́ títí tó fi hu ewú, ọgbọ́n wo ló kù tí wọn ò tíì fi hàn án?

Pópó Yemọja ló ń gbé. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ló ń lọ, ibẹ̀ ni òun àti Èjìdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ ìyá. Fọláyẹmí ló máa ń lé orin, Èjìdé ló máa ń kó ègbè jọ. Àwọn yòókù kì í lanu àfi bí Èjìdé bá kọ́kọ́ lanu. Bí Fọláyẹmí bá lé orin tí Èjìdé ò gbè é, orin náà á dà bí ẹni tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan jáde. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀kan, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pè.

Ayọ̀délé, ọmọ Fọláyẹmí tó wà ní Kánádà, ló fi kọ̀ǹpútà kékeré kan sílẹ̀ fún un nígbà tó wálé. Kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ. Ọmọ náà fi nǹkan kan sínú rẹ̀ tó ń gba ohùn sílẹ̀: èèyàn á kọrin sí i, á tún kọ òmíràn lé e lórí, ẹni méjì á wá dà bí ogún èèyàn. Inú Fọláyẹmí dùn débi pé ó jó yí tábìlì ká. Òun àti Èjìdé bá pinnu pé orin Ìkórè ọdún yìí, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ti kọ́kọ́ kọ ọ́, kí ẹgbẹ́ lè máa gbọ́ ọ lórí fóònù kí wọ́n fi kọ́ ọ.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò fara mọ́ ọn. Bí Fọláyẹmí bá kọ tirẹ̀, ó gbà á. Bí Èjìdé bá kọ tirẹ̀ lé e, ó gbà á tìkanratìkanra. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n wá pàtẹ́wọ́ sí i, ó tán nìyẹn: òbírí kékeré kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú rẹ̀, á máa yí, á máa yí, bí ọmọ tí tíṣà bi ní ìbéèrè tí kò mọ̀.

Fọláyẹmí pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

“Màmá, mẹ́mọ́rì rẹ̀ ló kéré,” Ayọ̀délé wí.

“Ṣé ó ti ń gbàgbé nǹkan ni?”

“Rárá o. Ẹ wo tábìlì tẹ́ ẹ ń pàtẹ bọ́tìnnì sí. Ọjà pọ̀ nínú àpótí yín, àmọ́ tí tábìlì bá kéré, mélòó lẹ lè pàtẹ lẹ́ẹ̀kan náà? Tábìlì yẹn ni mẹ́mọ́rì. Ẹ ra ti gíígì mẹ́rin. Tòkunbọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, tuntun ti wọ́n jù. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé irú tí kì í jẹ iná púpọ̀ ni kọ̀ǹpútà yín ń gbà. Irú ti àtijọ́ kì í bá a ṣe rárá.”

Ìyá àgbà gbé kọ̀ǹpútà sínú àpò, ó fi ìborùn bo àpò náà, ó mú ọ̀nà Òkè Bọ́lá pọ̀n. Ó dé ṣọ́ọ̀bù kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ọyẹ́. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà náà tó fi ní kí Màmá fi í sílẹ̀, kí wọ́n fi owó lé e, kí wọ́n mú tuntun lọ.

“Ọmọ mi,” Fọláyẹmí dá a lóhùn, “bí eyín bá ń dun èèyàn lọ́dọ̀ tiyín, ṣé orí lẹ máa ń pààrọ̀ ni?”

Ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde. Ó tún dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan nísàlẹ̀ òkè Mápó. Onítọ̀hún ní òun máa bá wọn wá mẹ́mọ́rì tó bá a mu, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ títí di ọ̀la. Fọláyẹmí wò ó láti òkè délẹ̀.

“Kí n fi sílẹ̀? Ṣé kí n kúkú fi kọ́kọ́rọ́ ilé mi lé e lórí ni?”

Nígbà tó ròyìn fún Èjìdé, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, “Nojeem ò sì wà ní Bẹẹrẹ? Ọmọ tí wọ́n bí sójú mi ní Bẹ́yẹrunká. Mẹ́mọ́rì, bátìrì, gbogbo ẹ̀ ló ń tà.”

Ẹ̀rín kú lójú Fọláyẹmí. “O mọ ẹni tó ń tà á, o wá jẹ́ kí n fẹsẹ̀ gbo títí dé Òkè Bọ́lá?”

“Ṣé o bi mí ni? Ìwọ lo ní kí n má sọ ọ́ síta pé o ní kọ̀ǹpútà, kí olè má baà gbọ́.”

Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun bí egungun ẹja. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tó rẹ òun tán ni Èjìdé ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí Nojeem?

Wọ́n wọ takisí Máíkírà dé Bẹẹrẹ. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé àtijọ́ kan ni ṣọ́ọ̀bù Nojeem wà, ó há bí inú páálí, fèrèsé kan ló ní, fèrèsé náà sì kọjú sí títì. Nojeem fúnra rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ́ṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ débi tí àyè gbà á dé.

“Ẹ káàbọ̀ o, Màmá. Màmá Èjìdé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

“Nojeem, ọ̀rẹ́ mi rèé,” Èjìdé wí. “Wọ́n ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, nítorí náà ṣe sùúrù.”

Fọláyẹmí fa àga sún mọ́ ọmọ náà tó fi jẹ́ pé etí gèlè rẹ̀ ń kan àwọn ìdè kéékèèké tí wọ́n fi ń di ara ẹ̀rọ lórí tábìlì. Ó sọ irú mẹ́mọ́rì tó ń wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Nojeem fẹ́ tú kọ̀ǹpútà, ó dá a dúró.

“Ká apá aṣọ rẹ sókè ná.”

“Màmá, èmi kì í ṣe onídán o!”

“Ìdí nìyẹn tí kò fi ní nira fún ọ.”

Nojeem ká apá aṣọ. Ó tú ìdè kan ṣoṣo tó di ilẹ̀kùn ikùn kọ̀ǹpútà, ó sì fi inú rẹ̀ hàn wọ́n. Àyè méjì ló wà níbẹ̀. Mẹ́mọ́rì kékeré wà nínú ọ̀kan, pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja èpìyà, ìkejì ṣófo. Nojeem ní òun á gba kékeré yẹn, òun á fi dín owó ti gíígì mẹ́rin kù. Fọláyẹmí nájà, ó ná an, ó dìde bí ẹni tó ń lọ, ó padà jókòó. Èjìdé ń bá Nojeem sọ, ó tún ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, títí ọjà fi tó. Nojeem yọ kékeré, ó ki gíígì mẹ́rin náà bọ àyè rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó dún kó. Ó tan kọ̀ǹpútà, gíígì mẹ́rin hàn lójú rẹ̀ gbangba. Fọláyẹmí ní kó pa á, kó tún tàn án. Ó tún tàn. Ó kọrin sí i, Èjìdé kọ lé e, Nojeem bá wọn pàtẹ́wọ́, kọ̀ǹpútà gbà á wọ̀ọ̀ láìyí òbírí kankan.

Ìgbà tí Nojeem pa á tó fẹ́ dé ilẹ̀kùn ikùn rẹ̀ padà ni Èjìdé pariwo nídìí fèrèsé.

“Fọláyẹmí! Wá wo ewúrẹ́ tó gun orí mọ́tò!”

Fọláyẹmí sáré yọjú, ó sáré padà. Kò rí ewúrẹ́, kò rí mọ́tò. Ohun tó rí ni ọwọ́ Nojeem tó ń dé ìdè náà.

Ó kàn tẹ́wọ́.

“Ènì mi dà?”

“Jára kẹ̀?” Nojeem wí. “Màmá, mẹ́mọ́rì ni o, kì í ṣe gààrí.”

“Ọjà wo ni kì í ní ènì? Èmi tí mo ń ta bọ́tìnnì, kò sí télọ̀ tó rajà lọ́wọ́ mi tí mi ò ní fi lé e. Ọjà tí kò lénì, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n tà.”

Nojeem rẹ́rìn-ín, ó ki ọwọ́ bọ agolo bisikí kan tó wà lẹ́sẹ̀ tábìlì, ó mú mẹ́mọ́rì kan jáde níbẹ̀. “Ẹ gbà, ẹ fún ọmọdé kó máa fi ṣeré.”

Fọláyẹmí so ó mọ́ ṣóńṣó ìró, ó dúpẹ́. Ó mọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà. Ta ló fún èèyàn ní ohun gidi rí tí kò ní bù ú kù?

Ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé àárín pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó tó rí i pé Èjìdé ò tẹ̀ lé òun. Ó wẹ̀yìn. Láàárín ilẹ̀kùn ló ti rí i: Nojeem ń ki ọ̀rá dúdú kan bọ Èjìdé lọ́wọ́, Èjìdé ń tì í bọ inú àpò, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

Nínú Máíkírà tí wọ́n wọ̀ padà, ó bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí lọmọ yẹn ń bá a sọ.

“Ó ń kí àwọn ará ilé ni,” Èjìdé wí, ó sì gbé àpò rẹ̀ sí itan kejì.

Fọláyẹmí wo àpò. Àpò wú.

Bó ṣe délé, kò tíì bọ́ gèlè tó fi gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì. Ó rántí àyè tó ṣófo níkùn rẹ̀. Bí tábìlì kan bá gba ọjà tó bẹ́ẹ̀, méjì ńkọ́? Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tú ìdè, ó ki ènì rẹ̀ bọ àyè kejì, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí i tí Nojeem tẹ̀ ẹ́. Ó dún kó. Fọláyẹmí fi orin sẹ́nu, ó dé ìdè, ó tan kọ̀ǹpútà.

Iná kékeré tàn lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ó pa á, ó tún tàn án. Òkùnkùn. Orin já lẹ́nu rẹ̀. Ó tú ikùn rẹ̀, ó yọ mẹ́mọ́rì tó rà, ó fi ènì nìkan sílẹ̀. Òkùnkùn. Ó fẹnu fẹ́ èyí tó rà, ó nù ún, ó dá a padà sí ẹ̀gbẹ́ ènì. Òkùnkùn náà ni. Kò wá sí i lọ́kàn láti yọ ènì. Ta ló ń fura sí ohun tí kò fowó rà? Ohun tí èèyàn sanwó lé lórí ni wọ́n fi ń rẹ́ni jẹ.

Ó jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ jọ. Kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, lójú òun. Ìgbà tí wọ́n ń dé ikùn rẹ̀ ni wọ́n ní kí òun wá wo ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ò sí. Nígbà tí òun fi máa yíjú padà, wọ́n ti dé e. Lẹ́yìn náà ọ̀rá dúdú. Ta ló mú òun lọ síbẹ̀? Ta ló pariwo ewúrẹ́? Ta ló gbọ̀rá?

“Háà,” ó wí fún kọ̀ǹpútà. “Èjìdé!”

Ó pe Nojeem. Kò gbé e. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó sì tó àsìkò ìrun, ṣùgbọ́n Fọláyẹmí kò ro ti ìrun. Nígbà tí fóònù òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún tó rí i pé Nojeem ni, ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ti gbọ́ pé àwọn gbájúẹ̀ a máa fi ohùn mú èèyàn.

Ọjọ́ kejì ni ẹgbẹ́ ìyá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kọ́ orin. Ìyá Clara, olórí ẹgbẹ́, gbàdúrà, ó ní kí Fọláyẹmí lé orin Ìkórè kí wọ́n gbọ́. Fọláyẹmí dìde. Ó tún ìró ró. Orin tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ti Ìkórè.

“Ọ̀rẹ́ tó mọ̀nà ilé olè,
Ẹ bá mi wò ó.
Abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ,
Ẹ bá mi wò ó.
Ọ̀rẹ́ tó ní n wòta, n wòta,
Ẹ bá mi wò ó.
Ọwọ́ rẹ̀ wà lápò mi o,
Ẹ bá mi wò ó.”

Èjìdé ló kọ́kọ́ kó ègbè, àwọn ìyá yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n ń mirí, orin dùn. Àfi ìgbà tó kan “n wòta, n wòta”. Ẹnu Èjìdé dúró. Ègbè fọ́nká bí adìẹ tí wọ́n ju òkò sí. Àwọn ìyá ń wo ara wọn. Èjìdé sì rọra dìde, ó so gèlè le, ó lé tirẹ̀:

“Ojú tó ń ṣọ́ gbogbo ọjà,
Kò ráyè ṣọ́ imú ara rẹ̀.
Ẹni tó ń tọ́yọ̀ wò kó tó rà á,
Lọ́jọ́ kan, yóò tọ́ yanrìn lá.”

Ẹnì kan kébòòsí lẹ́yìn, ẹnì kan sì pàtẹ́wọ́. Ìyá Clara fi ọwọ́ gbá àga.

“Ẹ̀yin méjèèjì! Ṣé irè oko tí a máa gbé wá síwájú pẹpẹ nìyí? Ẹ jáde, kí ẹ lọ parí rẹ̀ níta!”

Wọ́n jáde sábẹ́ òrùn.

“Èmi lo ń pè lólè,” Èjìdé wí.

“Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.”

“Èmi náà ò dárúkọ ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ lá. Sọ̀rọ̀!”

Fọláyẹmí sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ojú kọ̀ǹpútà tó dúdú, ó sọ ti ewúrẹ́ tí kò sí, ó wá fi ti ọ̀rá dúdú dé e lórí. Nígbà tó dárúkọ ọ̀rá, ó rí i tí ojú Èjìdé yẹ̀. Ó rí i kedere. Ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ, nítorí pé apá kan ọkàn rẹ̀ ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun ṣìnà.

“O rí i? O rí i pé o ò lè sọ ọ́!”

“Ohun tó wà nínú ọ̀rá kò kàn ọ́,” Èjìdé wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Gbọ́ o, Fọláyẹmí. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ìwọ ń lọ Bẹẹrẹ. Bí Nojeem bá jalè, èmi ni màá kọ́kọ́ fọ́ ọ létí. Ṣùgbọ́n bí kò bá jalè, ibi tó o ti fi mí kọrin ni wàá ti dúró kọ ọ́ padà. Bó ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wá ẹlòmíì tó máa gbè ọ́ lọ́jọ́ Ìkórè. Máa lé e, kó o máa gbè é fúnra rẹ.”



Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wọ Máíkírà kan náà láìsọ̀rọ̀. Awakọ̀ kí wọn, ọ̀kan jẹ́ ẹ, èkejì ò jẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé òkè, Nojeem fò dìde.

“Màmá, mo rí ìpè yín, mọ́ṣáláṣí ni mo wà. Mo pè yín padà títí, ẹ ò gbé e.”

“Mo mọ ìdí tí mi ò fi gbé e,” Fọláyẹmí wí. Ó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀. “Ó ti kú. Jí i dìde lójú mi. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè mí sí fèrèsé lónìí.”

Nojeem tàn án, òkùnkùn. Ó yí i padà, ó tú ìdè, ó ṣí ikùn rẹ̀. Ó gbójú sókè wo Fọláyẹmí, ó tún wo inú kọ̀ǹpútà.

“Màmá. Kí lèyí ń wá níbí?”

“Ènì mi ni.”

“Ènì tí mo ní kẹ́ ẹ fún ọmọdé? Súbúhànálláhì!” Ó fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. “Màmá, ti àtijọ́ lèyí. Iná tó ń jẹ pọ̀ ju èyí tí kọ̀ǹpútà yín ní lọ. Bí kò bá yó, kò ní ṣiṣẹ́, kò sì ní jẹ́ kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́.”

“Mo gbìyànjú ẹyọ kan. Mo yọ ọ̀kan.”

“Èwo lẹ yọ?”

Fọláyẹmí wo ilẹ̀. “Èyí tí mo rà.”

Nojeem yọ ènì náà, ó fi èyí tí wọ́n rà sílẹ̀ nìkan, ó tan kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ là fòò. Gíígì mẹ́rin wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀.

Ó yẹ kí Fọláyẹmí gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìfura kì í jáde nílé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á tún máa ráhùn. “Kí ló wá dé tó o fi fún mi ní ohun tí kò wúlò?”

“Màmá, ẹ má bínú. Bọ́tìnnì tẹ́ ẹ̀yin ń fún télọ̀ lénì, ṣé gbogbo ẹ̀ ló máa ń bá aṣọ mu?”

Fọláyẹmí ṣí ẹnu láti bú u. Abẹ́ tábìlì òun l'Ọ́jà'ba ló kàn yọ sí i lójú, ike kan tí bọ́tìnnì tí kò ní ẹlẹgbẹ́ mọ́ kún inú rẹ̀: pupa kan, aláwọ̀ eérú kan, èyí tí etí rẹ̀ ti ṣán. Inú ike yẹn ni òun ti ń bu ènì fún gbogbo ayé. Kò sí télọ̀ tó rán an mọ́ aṣọ oníbàárà rí. Ẹ̀rín gbé e lójijì, ó gbá a mú nínú ikùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ẹ̀rín rẹ̀ ò tíì lọ tán tó fi rántí. “Ewúrẹ́ ńkọ́?”

“Ewúrẹ́ Alájí ìsàlẹ̀?” Nojeem na ọwọ́ sí fèrèsé. “Apá òsì ni kẹ́ ẹ yíjú sí, Màmá. Ìyẹn ò níṣẹ́ méjì.”

Fọláyẹmí yọjú, ó wo òsì. Ewúrẹ́ dúró lórí Máíkírà kan tó jẹrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ń jẹ ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ó ń wo Bẹẹrẹ bí ẹni tó ni ín.

“Ó dáa. Ọ̀rá dúdú ńkọ́?”

Nojeem wo Èjìdé. Èjìdé mí kanlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ọ̀rá náà yọ, ó tú u sórí tábìlì. Ohun tí wọ́n ń fi sétí gbọ́ orin ni, fóòmù rẹ̀ ti bó, etí kan rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

“Ènì tèmi ni,” Èjìdé wí. “Èmi tí mo mú oníbàárà wá, ṣé kí n lọ lọ́wọ́ òfo? Ṣé ìwọ nìkan ló mọ ènì gbà ni?”

“Lórí ọjà mi!” Fọláyẹmí ké. “O gba ènì lórí ọjà tèmi!”

“Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ gbọ́ ohun tó sọ?” Èjìdé yíjú sí Nojeem. “Ìdí tí mo fi gbé e pamọ́ nìyẹn. Bó bá rí i, á gbà á.”

Fọláyẹmí fẹ́ sẹ́, kò rí i sẹ́. Lóòótọ́, ì bá gbà á. Ó tilẹ̀ ń wò ó lórí tábìlì báyìí, ó ń rò ó pé etí kan rẹ̀ á ṣì wúlò.

Èjìdé ò rẹ́rìn-ín. Ó ká ohun etí rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ó gbé àpò kọ́ apá. “Ọ̀rọ̀ Nojeem ti tán,” ó wí. “Tèmi ò tíì tán. O mọ ibi tó kù sí.” Ó sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú, kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà dé ọjọ́ tí wọ́n tún máa kọ́ orin, Èjìdé ò ya ilé rẹ̀. Fọláyẹmí ránṣẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná sí i, ìyẹn gba ẹ̀kọ, ó sì ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fọláyẹmí rò ó títí. Ṣé gbígbà tó gba ẹ̀kọ, ìdáríjì ni àbí ebi?

Ìgbà tí wọ́n pàdé, Ìkórè ti ku ọjọ́ kan. Fọláyẹmí gbé kọ̀ǹpútà wá, ó gbé e ka orí àga níwájú ẹgbẹ́, ó tẹ ibi tó fi ń gba ohùn. Ìyá Clara ń ṣọ́ ọ lójú bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Èjìdé wà láàyè rẹ̀, ó ń tún etí gèlè ṣe. Fọláyẹmí lé e:

“Mo ṣọ́ iwájú, mo ṣọ́ ẹ̀yìn,
Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.
Mo wá ṣọ́ ọ ṣọ́ ọ, mo ṣọ́ ọ̀rẹ́ mi,
Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.
Èjìdé ò jí, Èjìdé ò gbé,
Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.
Ẹnu mi ló tì mí sí kòtò,
Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.”

Òun ló lé e, òun náà ló gbè é. Kò sí ẹni tó dá sí i. Àwọn ìyá ń wo ẹnu Èjìdé, ẹnu Èjìdé sì dé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn kan ṣoṣo ń rìn kiri bí ẹni tó sọ ọmọ nù lọ́jà. Fọláyẹmí tún un lé. Ohùn rẹ̀ fẹ́ já níbi “Èjìdé ò jí”, ó gbìyànjú, ó kọjá ibẹ̀. Kò sí ègbè. Ó rò ó pé bóyá kí òun jókòó, kó sì jẹ́ pé òun nìkan ni òun máa lọ síwájú pẹpẹ lọ́la.

Ó lé e lẹ́ẹ̀kẹta.

“Dúró ná,” Èjìdé wí, kò gbójú sókè. “Níbi tó o ti sọ pé mi ò jí, mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Gbé e sókè díẹ̀.”

Ẹ̀rín bú nínú àwọn ìyá, wọ́n sáré gbé e mì. Fọláyẹmí fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó gbé e sókè débi tí ẹni tó ń kọjá lójú títì Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú fi dúró: “Èjìdé ò jí, Èjìdé ò gbé!”

Èjìdé sì lanu. Ègbè já lé orin lórí bí òjò tó ti ṣú láti àárọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ bọ́ sí i, àtẹ́wọ́ bọ́ sí i, ẹsẹ̀ bọ́ sí i. Kọ̀ǹpútà gbà á, kò yí òbírí.

Fọláyẹmí ń lé e, ó ń fi ìpẹ̀kun ojú wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣé ó ti dárí jì í, àbí orin náà ló kàn dùn mọ́ ọn? Èjìdé ń wo òkè àjà, ó ń kọrin, ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Fọláyẹmí kò rí i kà. Ó tún un lé.